Àgbọ̀n-Sókè àti Fótò Tí Kò Gbàdúrà Sí

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n Ọlọ́run àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó ń rántí rẹ̀, ìyàwó náà kì í sì í pè é àyàfi bí inú bá ń bí i. Àgbọ̀n-Sókè ni gbogbo ayé ń pe ọkùnrin yìí. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi fa orúkọ náà wọlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀, ìbáà ṣe adájọ́, ìbáà ṣe agbábọ́ọ̀lù, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni: "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Háà, ó ti pọ̀ jù, a ò ní kí ẹ máa wo òjò." Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ní: "Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀, àmọ́ tí kò tíì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Òun ni ó ń ya fótò èèpo iwájú ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tí kò sí ilé tí wọn kì í ti í kà á. Ó ti ń yà á láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ pọ̀, tí ó sì dúdú. Nísinsin yìí ìwọ̀nba tí ó kù ti funfun. Iyàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè pátápátá, ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Aṣọ aláwọ̀ eérú kan rọ̀ sára ògiri, iná ńlá méjì dúró pẹ̀lú agbòòrùn funfun lórí wọn bí àwọn ìyàwó tí wọ́n ń retí ọkọ, àga kan sì wà láàárín tí ó máa ń dún wíín bí ẹni tí ó bá jókòó lé e bá mí.

Ọkùnrin yìí ní ìlànà, kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tí ó fẹ́ yà tó múra tán, yóò kọ́kọ́ ya ọ̀kan láti fi wo bí iná ṣe rí. Fótò ìdánwò ni ó ń pè é. Ẹni náà ṣì lè máa wọ bàtà, ó lè máa sín. Kò kàn án. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi fíìmù ya fótò, bí ó bá ti wò ó tán, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni ó ń jù ú sí. Lẹ́yìn ìdánwò ni yóò wá tẹrí ba, tí yóò gbàdúrà sókè ketekete: "Olúwa, ìwọ tí o dá ojú yìí, jẹ́ kí n rí i bí ìwọ ṣe rí i." Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe àmín, títí kan àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn kò bá ṣe é, kò ní bẹ̀rẹ̀.

Àdúrà tó dára ni. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ yéni ni pé bí Ọlọ́run bá ti fi ojú náà hàn án tán, Àgbọ̀n-Sókè a lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ìhunjọ a lọ. Àpá a lọ. Ìyá arúgbó kan rí ara rẹ̀ lójú ìwé lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ ta nìyẹn.

"Ẹni tí Ọlọ́run dá tán," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, "ni ìwọ tún ń dá lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ó ní kó o bá òun parí ẹ̀ ni?"

"Ṣé ìwọ tó ń bọ́jú láàárọ̀," ni ọkọ a fèsì, "Ọlọ́run lò ń bá jà?"

Àgbọ̀n-Sókè náà ti jẹ́ ẹni tuntun rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ kò fẹ́ràn ẹ̀rín rárá. Láyé ọ̀gá yẹn, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ dúró gbọnin bí òpó iná, kí ó pa ẹnu dé, kí ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Oúnjẹ ni Ọlọ́run dá eyín fún," ni ọ̀gá máa ń wí, "kò dá a fún kámẹ́rà." Àgbọ̀n-Sókè ni ó mú ẹ̀rín wọ èèpo iwájú ìwé náà. Ọ̀gá wo fótò yẹn, ó mi orí, ó ní ayé ti bàjẹ́. Ayé kò bàjẹ́, ńṣe ni wọ́n ń ra ìwé náà bí ẹni ń ra omi lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí fótò aláwọ̀ dé, ó kọ́ ọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó pòṣé, ó kọ́ òun náà. Ó wá dá a lójú pé kò tún sí ohun tí ó lè dé mọ́.

Olóòtú tuntun ni ó dé.

Ọmọbìnrin náà kò ju àkọ́bí Àgbọ̀n-Sókè lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní ọ̀yàyà, ó máa ń kí ènìyàn dáadáa, èyí ni ó sì jẹ́ kí ó ṣòro láti bínú sí i. Ó pe Àgbọ̀n-Sókè sí ọ́fíìsì, ó fún un ní àga, ó wá tẹ́ fótò sórí tábìlì láti inú àwọn ìwé ìròyìn mìíràn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí òjìji gba ìdajì ojú rẹ̀, ojú ihò awọ ara rẹ̀ hàn kedere bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí iyanrìn. Ọkùnrin kan wà tí ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí ń yà á. Òmíràn kò ní ẹsẹ̀.

"Kí ló dé ẹsẹ̀ ẹ̀?" ni Àgbọ̀n-Sókè béèrè.

"Wọ́n gé e kúrò nínú fótò ni, Bàbá."

"Wọ́n ṣèèṣì?"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni."

"Áà. Ẹni tó kẹ̀yìn síni yìí ńkọ́, ta ló ń lé e?"

Olóòtú rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Bàbá, ẹ gbọ́. Àwọn òǹkàwé ò fẹ́ ojú tó ń dán bí àwo mọ́. Ẹ̀rín ti sú wọn. Wọ́n fẹ́ rí ènìyàn bó ṣe wà."

"Ẹ̀rín sú wọn," ni Àgbọ̀n-Sókè tún un wí. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀ tí ó ti kú, ó sì dà bí ẹni pé ó gbọ́ tí ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín nínú sàréè, òun tí kò fẹ́ràn ẹ̀rín.

Olóòtú wá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ni yóò wà ní iwájú ìwé oṣù tó ń bọ̀, obìnrin tí ó gba ìdajì ọmọ ìlú sí ayé. "Ẹ̀yin lẹ máa yà wọ́n. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, Bàbá. Tí kò bá rí bá a ṣe fẹ́, ẹlòmíì ni á máa ya iwájú látìgbà náà lọ. Ẹ̀yin á máa ya àwọn ohun ìpolówó fún wa. Ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì." Bí Àgbọ̀n-Sókè ti ń dìde, olóòtú fi kún un pé: "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sì yà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má yọ ìkankan."

Àgbọ̀n-Sókè ní ó dára, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di irin rẹ̀ mú. Kò bá fìríìjì jà. Ṣùgbọ́n fìríìjì kò ní àgbọ̀n.

Ìyá Agbẹ̀bí dé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ pọ́dà, pé òun kò lò ó nígbà tí òun ń wá ọkọ, kí ni òun yóò fi ṣe báyìí? Ó jókòó, àga dún wíín, ó sì ń wo gbogbo ohun tí ó wà nínú iyàrá náà bí ẹni tí ó ń wá ibi tí òun yóò gbé omi gbígbóná lé.

"Mo mọ̀ ọ́," ni ó wí. "Ìwọ lọkùnrin tó dákú nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń bí àkọ́bí."

"Mi ò dákú, Ìyá. Mo jókòó ni."

"O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì, o sì dijú."

Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń gbé kámẹ́rà dúró ni kò jẹ́ kí ó rí èsì fọ̀. Ẹsẹ̀ kan há. Àgbọ̀n-Sókè gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó kúnlẹ̀, ó fà á, ó yí i, kò gbọ́. Orúnkún tí ó máa ń dùn ún bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀. Òógùn dà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ irin náà jáde tán, kò ní agbára àtidìde mọ́, ó rọra gbé kámẹ́rà láti ibi tí ó kúnlẹ̀ sí, ó ya fótò ìdánwò, ó wò ó. Iná dára. Ìyẹn ni ó ń wá.

Ó tiraka dìde, ó tẹrí ba, ó gba àdúrà rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ṣe àmín tí ó mi agbòòrùn iná.

"Ó ya, Ìyá. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ lè rí bí ẹni ńlá."

"Gbogbo ẹni ńlá ìlú yìí ni mo ti rí nígbà tí wọ́n ń bọ̀," ni ìyá wí. "Kò séyìí tó gbé àgbọ̀n sókè nínú wọn. Wọ́n ń ké ni."

Síbẹ̀ ó gbé e sókè, nítorí kì í ṣe alágídí. Ó rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ní kí ó rẹ́rìn-ín. Àgbọ̀n-Sókè yà á títí, èyí tí ó sì yà kẹ́yìn dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ fún kámẹ́rà pé "O ṣeun." Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ bí oyin. Ọrùn gùn. Ó dà bí ayaba. Kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kan ìhunjọ kankan, ó fẹ́ fi ìyẹn ṣe olóòtú lóore.

Ìgbà tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti fi wọ́n ránṣẹ́, ó rí fótò ìdánwò níwájú gbogbo wọn. Okùn iná wọ́ kọjá nílẹ̀ bí ejò. Etí aṣọ eérú ti ká sókè. Ìyá tẹ̀ síwájú lórí àga, ìgbọ̀nwọ́ lórí itan, ọwọ́ méjèèjì là sílẹ̀, àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ó gbé ìka sórí bọ́tìnì tí yóò fi pa á rẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ó má yọ ìkankan, òun náà sì ti dáhùn pé ó dára. Ẹni tí ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kò lè wá fi ìka kan parọ́ lọ́sàn-án. Ó mú ìka kúrò. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì gbààwẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán nítorí fótò tó dà bí ayaba yẹn. "Olúwa, jẹ́ kí wọ́n mú èyí tí mo gbàdúrà sí."

Olóòtú pè é lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí ó jẹ ẹ̀bùn. "Bàbá! A ti rí i! Ti àkọ́kọ́ yẹn!"

"Àkọ́kọ́ wo?" Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Èyí tí ìyá tẹ̀ síwájú."

"Ìdánwò nìyẹn! Okùn iná wà ńbẹ̀!"

"Mo rí i."

"Aṣọ ẹ̀yìn ti ká!"

"Mo rí i, Bàbá."

"Àgbọ̀n wọn wà nílẹ̀!"

"Àgbọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn."

Àgbọ̀n-Sókè jókòó, àga dún wíín lábẹ́ òun náà. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi orúkọ mi sí i."

Olóòtú ní: "Tí orúkọ yín ò bá sí i, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn tó ni ìwé ìròyìn? Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ẹ ṣì lè yà á. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀yin kọ́ lẹ yà á, ẹ̀yin lẹ fúnra yín lọ sídìí fìríìjì yẹn o. Ìyá náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde."

"Màá lọ bi wọ́n fúnra mi," ni ó yára dáhùn. Ìrètí ti tún dé. Obìnrin wo ni yóò rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò gbà?

Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó ń dùn ún gan-an fún olóòtú, ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún bí wọ́n ti jókòó sí ibi ìdáná, tí ìyàwó ń bó iṣu.

"Ìyá wọn, mo gbàdúrà sí gbogbo fótò yẹn. Mo gbààwẹ̀."

"Oúnjẹ ọ̀sán lásán lo fò. Mo rí bó o ṣe jẹ tìrọ̀lẹ́."

"Èyí tí mi ò gbàdúrà sí rárá ni wọ́n mú. Kí wá ni àdúrà náà wà fún? Láti ọdún gbọọrọ yìí, kí ni mo ń sọ ńbẹ̀?"

Ọ̀bẹ ìyàwó dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. "Bàbá wọn, ṣé àmín rẹ ni Ọlọ́run máa ń dúró dè kó tó ṣiṣẹ́ ni?"

Ọkọ kó iṣu tí ìyàwó ti bó sínú omi. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà: kò ní kí ènìyàn má rìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó gbàgbé ẹsẹ̀. Ó lọ sùn, ó gbàdúrà alẹ́ bí ó ṣe ń gbà á. Ó kàn kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Ìyá Agbẹ̀bí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ká aṣọ tí ó ti gbẹ lórí okùn. Àgbọ̀n-Sókè jẹ́ onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́n díẹ̀: fótò ayaba ni ó kọ́kọ́ nà sí i.

Ìyá gbé e jìnnà sójú. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ó rẹwà o! Ó jọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè. Bá mi kí i tó o bá rí i."

Ó wá mú èkejì jáde, ó sì ti ń tọrọ àforíjì kí ó tó nà án tán. Ìyá Agbẹ̀bí gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó gbé fótò náà sún mọ́ ojú.

"Ẹn-ẹ́n," ni ó wí. "Èmi rèé."

"Ìyá, ẹ ò tíì múra nígbà yẹn. Ẹ wo àgbọ̀n yín."

"Kí ni mò ń wò níbẹ̀?"

"Kámẹ́rà."

"Kámẹ́rà kẹ̀? Ìwọ ni mò ń wò. O wà lórí eékún, o di irin yẹn mú, ò ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, òógùn bò ẹ́. Mo ní, áà, ẹni yìí ti fẹ́ bí. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fún ẹ pé kó o fipá sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ń bọ̀." Ó fi ìka tọ́ ọwọ́ méjèèjì tí ó là sílẹ̀ nínú fótò náà. "Wò ó, mo ti fẹ́ gbà á. Bí mo ṣe ń wo gbogbo wọn nìyí. Bí mo ṣe wo ìyàwó rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyí. Kò sẹ́ni tó yà á rí. Àwọn tó yẹ kó yà á ti dákú."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Àgbọ̀n-Sókè kò wo okùn iná, kò wo aṣọ. Ó wo ojú náà. Sùúrù wà níbẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó rín, àti ohun kan bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo ẹni tí wọ́n mọ̀ pé yóò yè é, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ọdún mélòó ni ó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí òun rí ojú báyìí?

"Ìyá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "mi ò tíì gbàdúrà nígbà tí mo yà á."

Ìyá Agbẹ̀bí tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀. "Àwọn ọmọ mìíì wà, kí n tó rí ìbọ̀wọ́ wọ̀, wọ́n ti jáde. Ṣé kí n dá wọn padà ni?"

Ẹ̀rín mi Àgbọ̀n-Sókè jìgìjìgì láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kòkòrò ni. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò pọ̀ lágbègbè yìí.

Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ti pe olóòtú. "Ìyá gbà. Ẹ fi orúkọ mi sí i. Àmọ́, ọmọ mi, okùn iná yẹn, ẹ jẹ́ n kàn yọ ọ́ fẹ́ẹ́."

"Rárá, Bàbá."

"Ìdajì rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá!"

"Ó dára, ó dára."

Ìwé jáde, àwọn ará ìjọ kò jẹ́ kí ó sinmi. Ọ̀kan bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, òmíràn ní òun ń fi ojú rẹ̀ sínú àdúrà. Wọ́n rí okùn iná, wọ́n rí aṣọ tó ká, wọ́n ní ọjọ́ ogbó dé. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ gé èèpo náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi ìdáná, kò sì sọ nǹkan kan, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ iwájú ìwé mìíràn dé, tí ó ń gbé àpò jáde nílé, Àgbọ̀n-Sókè sọ fún un pé òun ti ronú sí i: láti òní lọ, òun yóò máa gbàdúrà kí òun tó ya ti ìdánwò.

"Tó o bá ti gbàdúrà sí i," ni ìyàwó wí, "ṣé ìdánwò ló tún jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bá a gun àtẹ̀gùn dókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni ó jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀ tí ó ta kókó. Àgbọ̀n-Sókè gbé kámẹ́rà dání. Ó fẹ́ ya ìdánwò, ó dúró. Ó fẹ́ tẹrí ba, ó tún dúró, nítorí bí ó bá dijú, ta ni yóò máa wo ọmọ náà? Níkẹyìn ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, ó gbé ìka lé bọ́tìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́.

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè láti ìdí bàtà. "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá?"

"Ọmọ mi," ni Àgbọ̀n-Sókè wí, "èmi náà ò mọ̀." Ó sì tẹ bọ́tìnì náà.